Ẹ Jọ̀ọ́ Tí Mo Dì Lẹ́rù Lọ sí Wárì

Ẹni tó bá ti ìrìn-àjò dé tí kò purọ́ díẹ̀, àwọn ará ilé á ní kò débẹ̀. Èmi ti pa tèmi tán. Mo ti sọ fún yín pé mo jẹ ẹja tó gùn tó ìlẹ̀kùn ní Wárì. Mo ti sọ pé ọlọ́kadà kan gbé mi gba orí pákó méjì kọjá odò, tí mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tí mo ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ ti rẹ́rìn-ín sí i, ẹ sì ti ra ọtí fún mi nítorí rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ ṣeun o. Ẹja náà kò gùn ju apá mi lọ, odò yẹn kì í sì í ṣe odò, gọ́tà ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò sọ fún yín rí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọkàn mi máa ń padà sí nígbà tí òjò bá ká mi mọ́lé. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yá lẹ́nu.

Ọ̀nà

Ẹ̀yin náà ò ní gbàgbé àwọn ọdún yẹn. Tí rédíò bá ti dárúkọ Wárì báyìí, màmá mi á dáwọ́ dúró nídìí ẹ̀fọ́ tó ń já. Àwọn aládùúgbò tó ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn tipẹ́tipẹ́ dojú ìbọn kọ ara wọn, wọ́n ń sun ilé ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn sì ti kó ìbọn wọ ẹsẹ̀ odò lọ nítorí ọ̀rọ̀ epo. Ìgbà tí gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ ń sá jáde níbẹ̀ ni èmi ń di ẹrù lọ.

Iṣẹ́ ló gbé mi lọ. Olùkọ́ àwọn ọmọ adití ni mí ní Abẹ́òkúta. Ọwọ́ mi ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi náà kò sì gbà fún un. Nígbà yẹn, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ń jókòó láti kọ ìwé àdéhùn kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá: afọ́jú, adití, arọ, gbogbo àwọn tí àwa máa ń ju kọ́bọ̀ sí kí a tó yára kọjá. Àwọn akàndá fúnra wọn ti yarí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sókè òkun kó máa kọ ọ̀rọ̀ àwọn lẹ́yìn àwọn. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kan láti ìlú òyìnbó ń káàkiri ibi tí ìjà wà, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tọ́rọ̀ kàn, láti gbé e dé ibi ìpàdé náà. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ti àwọn adití Wárì. Ògbufọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn yẹn ní ti sá lọ bá àwọn àna rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Wọ́n wá ránṣẹ́ pè mí.

Màmá mi wò mí títí. Ó ní, "Ṣé adití ti tán ní Abẹ́òkúta ni?"

Láti Ọ̀rẹ̀ dé Benin, ariwo ni nínú ọkọ̀. Ẹnìkan ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ẹnìkan ń wàásù, èmi ń bá àwọn méjèèjì jiyàn. A pààrọ̀ ọkọ̀ ní Benin. Nígbà tí a kọjá Sapele, gbogbo ẹnu pa mọ́. Ilé kan jó lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì, ewéko ti ń yọ lójú fèrèsé wọn. Awakọ̀ wa, bàbá kan tó sanra tó fi fìlà bo ojú kan, wò wá nínú dígí rẹ̀.

"Una don die?" ló wí. "Make una talk o! Na person wey keep quiet dem dey suspect for road."

Ó ní ká máa sọ̀rọ̀, pé ẹni tó bá dákẹ́ ni wọ́n ń fura sí lójú ọ̀nà. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Kí ló sọnù?

Àǹtí Àlàkẹ́, àbúrò màmá mi, ti ń ta aṣọ ní Deco Road láti ìgbà tí mo ti wà nínú ṣòkòtò péńpé. Bó ṣe rí mi, ó fi ọwọ́ kan gba báàgì mi, ó fi èkejì gbá mi léjìká.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Gbogbo ayé ń jáde, ìwọ ń wọlé! You no well, I swear." Ó ń bú mi, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Wọlé, jàre. O ti gbẹ bí ẹja Ìlàjẹ."

Onílé wọn jáde sí wa, bàbá arúgbó kan ọmọ ìlú náà, tó ró aṣọ mọ́ ìdí. Ẹ mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Mo ju báàgì kejì tó kù lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé mi, ó ń wo ilẹ̀ yíká.

"My pikin, wetin you lose?"

Ó rò pé nǹkan ló jábọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó dìde, ó ti ní kí wọ́n lọ mú tọ́ọ̀ṣì wá. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Wọ́n gbé sítáàṣì àti ọbẹ̀ ẹyìn wá fún mi, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní báńgà. Mo ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ. Mo bu òkèlè, ó ń fà tẹ̀ lé ọwọ́ mi, kò fẹ́ já. Mo fi sẹ́nu, mo ń jẹ ẹ́ ní àjẹtúnjẹ. Bùkọ́lá, ọmọ Àǹtí mi, gbọ́ gbogbo Yorùbá tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n kò fi ẹyọ kan dá mi lóhùn.

"Uncle, swallow am now. Na gum?"

Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn epo pupa tó dé orí iná pẹ̀lú èèlò ọbẹ̀ yẹn, ó di kí n jókòó ná.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nípa ìwà wọn ni pé wọn kì í yí ọ̀rọ̀ po. Mo dúró lẹ́nu ìta ṣọ́ọ̀bù kan, mo ní, "Ẹ káàsán ma, please, ẹ má bínú, I just want to ask..." Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù wò mí bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan. "Ask! Who hold your mouth?" Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ máa ń wẹ̀, ó máa ń para, kó tó jáde. Ní Wárì, bó ṣe jí ló ṣe ń jáde.

Orúkọ mi tuntun

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní ojú ọ̀nà Warri–Sapele ni àwọn adití ti ń pàdé. Onome ló ni ín. Adití lòun náà, ó pupa, ó ga, ojú rẹ̀ kì í fi nǹkan pamọ́. Vẹ́rò, àbúrò rẹ̀ tó ń gbọ́rọ̀, ń ta sítáàṣì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀yà tó ń bá ara wọn jà nígboro, gbogbo wọn ló ní ọmọ lórí bẹ́ǹṣì inú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí wọ́n fara kan ara wọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Nígboro, bí o bá la ẹnu, wọ́n á mọ ẹni tí o jẹ́. Ọwọ́ wọn kò sọ irú ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Tí a bá fẹ́ sọ "ẹ jọ̀ọ́" lédè ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ la fi ń ra àyà yípo. Mo ra àyà ní ọjọ́ yẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín? Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mumi. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Láàárín àwọn adití, o kò tíì dé àfi ìgbà tí wọ́n bá fi ọwọ́ sọ ẹ́ lórúkọ. Tèmi ni pé kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra àyà, kí wọ́n sì tẹ orí ba díẹ̀. Ẹnu mi kò fẹ́ẹ̀ gba ẹ̀rín mi. Mo rò pé oyè ni.

"Na yab dem dey yab you," ni Vẹ́rò wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò nídìí sítáàṣì rẹ̀. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Mo ṣàkíyèsí pé bí Onome bá fẹ́ sọdá títì, Vẹ́rò á gbé ọwọ́ lé e léjìká láti ẹ̀yìn. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, dúró. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì, sá. Gbogbo wọn ló ní ẹnìkan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. "Etí" ni wọ́n ń pe onítọ̀hún. Mo bèèrè ohun tó fa àṣà náà. Onome ló dá mi lóhùn.

Ọkọ rẹ̀, Karo, adití bíi tirẹ̀, tó ń ran bàtà, gbé kẹ́ẹ̀gì jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láti lọ ra kẹrosíìnì. Àwọn kan ti dí ọ̀nà tàwọn tìbọn. Ẹni tí wọ́n jẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ títí di òní. Wọ́n pariwo pé kó dúró. Ó ń lọ ní tirẹ̀, ó ń ju kẹ́ẹ̀gì síwá sẹ́yìn. Wọ́n pariwo lẹ́ẹ̀kejì. Wọn kò pariwo lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo rántí awakọ̀ wa. Mo rántí bí mo ṣe rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà ni wọ́n fi ẹnu kò pé adití kankan kò ní rìn ní títì láìní etí lẹ́yìn. Mo dìde, mo fọwọ́ sọ fún wọn pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo máa lò, èmi náà á jẹ́ etí wọn. Mo sì ra àyà sí i. Onome wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò gbàgbé ẹ̀rín náà.

Airport Road

Obìnrin tí ẹgbẹ́ náà rán wá ń jẹ́ Íńgà. Ó ní kí n máa pe òun ní Íńgà lásán, èmi tí mo ń pe ọlọ́kadà pàápàá ní sà! Màdáámù Íńgà ni mo ń pè é títí ó fi lọ. Irun rẹ̀ funfun, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló sì jókòó sí. Àtẹ̀gùn mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì tí a ti pàdé ní Airport Road. Ọkùnrin mẹ́rin gbé e gùn ún, máníjà òtẹ́ẹ̀lì ń sáré yíká wọn, ó ń sọ pé "sorry, sorry." Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn yìí." Mo rò ó nínú ara mi pé, ẹ wo obìnrin yìí, àlejò tó ń kọ́ onílé ní bí wọ́n ṣe ń kọ́lé.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni. Ó ti gba ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo láti ìlú náà ni wọ́n máa kà níwájú ìpàdé, ti Onome sì ni. Ọkọ̀ tó máa gbé Íńgà lọ sí Benin ti dúró níta, nítorí kónílé-ó-gbélé. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé rẹ̀ kó tó jáde, kò ní dé ibẹ̀ mọ́.

Onome dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ ṣáṣá bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. "Wọ́n pa ọkọ mi torí pé kò gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́ kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹ kọ ọ́ pé ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹni tí kò lè gbọ́ àti ẹni tí kò lè sá. Ẹ̀tọ́ mi ni."

Èmi wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún Íńgà. Ẹ dákun, ẹ mọ̀ mí. Mo kọ́kọ́ kí Màdáámù Íńgà kú ọ̀sán. Mo kí i kú ìrìn. Mo ní kó má bínú. Mo ní opó ni obìnrin yìí, pé ó ń fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, bó bá ṣeé ṣe, bí kò bá ni ín lára, kó ṣàánú àwọn, kó bá àwọn bẹ ìjọba. Ohùn mi gbọ̀n níbi tó yẹ kó gbọ̀n. Máníjà nu ojú. Íńgà ń kọ, ó ń kọ.

Vẹ́rò dìde.

"Uncle, stop. No be so she talk am. She no beg anybody."

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fọwọ́ sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún un, ìtẹríba, àánú, ohùn gbígbọ̀n, gbogbo rẹ̀. Onome kò ké. Ó kàn bi mí pé, "Ta ló bẹ̀?"

Mo ní kó má bínú, pé nílé wa, a kì í gbé ọ̀rọ̀ níhòòhò lọ síwájú àgbà. Pé ẹnu dídùn ló ń yọ obì lápò.

"Karo bẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀," lọ́wọ́ rẹ̀ wí. "Ó bẹ awakọ̀, ó bẹ ọlọ́jà, ó bẹ nọ́ọ̀sì. Ohun tí èèyàn bá bẹ̀bẹ̀ fún, wọ́n lè ní àwọn ò fún un. Èmi ò wá tọrọ."

Mo bá sọ ìyẹn fún Íńgà bó ṣe wí i. Íńgà wo ìwé tó ti kọ, ó fà á ya, ó sì ní ká bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Awakọ̀ ti ń fọn fèrè níta. Vẹ́rò sáré lọ dá a dúró. Kó tó jáde, ó tọ́ka sí mi: "You be her ear now. You hear?" Mo ní mo gbọ́.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tí nǹkan dún níta: GBÀ-À!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ̀ pé mo lè yára tó bẹ́ẹ̀. Kí ìró náà tó tán nínú odi, mo ti wà lábẹ́ tábìlì, máníjà sì ti ṣáájú mi débẹ̀, ó ń pe Jésù sí mi létí. Láti ibẹ̀ mo rí ẹsẹ̀ Onome nínú sílípáàsì, ó dúró jẹ́ẹ́. Mo rí táyà kẹ̀kẹ́ Íńgà, òun náà dúró. Ẹnìkan kò gbọ́, ẹnìkan gbọ́ ṣùgbọ́n kò lè sá. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù lókè, tí wọ́n ń wo ara wọn.

Ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí lu tábìlì lórí mi. Mo yọ orí. Ẹ̀rín ń bú níta: táyà lọ́rì kan ló bẹ́ lọ́dọ̀ fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Onome bi mí.

"Táyà ni."

"Kó o tó mọ̀ pé táyà ni, kí ló jẹ́?"

"Ìbọn."

"Etí mi dà?"

Ọwọ́ mi gbéra fúnra rẹ̀, ó ń lọ sí àyà mi, láti bẹ̀. Onome nawọ́, ó gbá a mú lójú òfuurufú, ó dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ le, ọwọ́ aránṣọ. Lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀, ó yíjú sí Íńgà.

"Kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n mú wá láti jẹ́ etí mi gbọ́, ó sì gba ara rẹ̀ là. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Èèyàn dáadáa ni, ó mọ èèyàn kí. Torí ẹ̀ ni kò fi yẹ kí wọ́n fi ẹ̀mí mi sọ́wọ́ èèyàn dáadáa. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò lé, ìkan kò dín. Ohùn mi gbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èmi ni mo gbọ̀n ọ́n. Íńgà kọ ọ́ tán, ó kà á padà, mo fi ọwọ́ dá a padà fún Onome, Onome gbà. Wọ́n gbé Íńgà sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí a máa padà sílé, Vẹ́rò wo ojú mi, ó wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́yìn. Mo gbé ọwọ́ lé Onome léjìká. Títí a fi dé oríta, n kò gbé e kúrò, n kò sì sọ̀rọ̀. Èmi!

Ilé

Àǹtí Àlàkẹ́ ti padà sí Abẹ́òkúta báyìí, ó sì ń ráhùn pé kò sí sítáàṣì gidi níbí. Àwa méjèèjì máa ń jókòó, a ó máa sọ̀rọ̀ Wárì bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ti kú tó dùn ún bá gbé. Ìbọn ti rọlẹ̀ níbẹ̀, a dúpẹ́. Onílé wọn ṣì ń bi í lórí fóònù bóyá mo ti rí nǹkan tó sọnù náà.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìwé àdéhùn náà jáde, ẹ̀dà kan sì dé ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo ti ilẹ̀kùn, mo kà á. Mo débi tó ti sọ̀rọ̀ àwọn akàndá níbi ogun àti ewu, pé àwọn ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bò wọ́n. N kò ní sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ Onome nìyẹn. Irọ́ nìyẹn máa jẹ́, mo sì ti sọ fún yín pé òótọ́ ni èyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ìlú ló sọ irú rẹ̀. Bóyá ìjọba tiwa ń ṣe é, ẹ lọ bi wọ́n, kí ẹ sì má kí wọn púpọ̀ kí ẹ tó bèèrè.

Ṣùgbọ́n mo tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ aláìwé, mo ń wá "ẹ jọ̀ọ́". Mo wá a láti òkè délẹ̀. N kò rí ẹyọ kan.

Mo pa ìwé náà dé. Ọwọ́ ọ̀tún mi gbéra, ó ń lọ sí àyà mi. Mo fi ti òsì gbá a mú, mo dì í mú síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.